Bàbá mi kò rù, kí ló dé tí dókítà ní kí wọ́n kọ́kọ́ jẹun dáadáa kí wọ́n tó yọ jẹjẹrẹ inú?

AremoBodija | 4 Ẹrẹ́nà, aago 9:12 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé yìí. Ó pẹ́ tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láìdá sí i, ṣùgbọ́n èyí tó dé bá wa yìí kọjá kí n dákẹ́.

Bàbá mi, ẹni ọdún 66, ti ń sọ láti ọdún tó kọjá pé ọgbẹ́ inú ń yọ àwọn lẹ́nu. Oògùn funfun bí ẹfun tí wọ́n ń tà ní kẹ́mísìtì ni wọ́n ń mu sí i. Nígbà tó yá, ṣíbí mẹ́rin péré ni wọ́n máa jẹ, inú wọn á kún bí ẹni tó jẹ odidi àwo iyán. Lẹ́yìn ìyẹn ni èébì dé. Oúnjẹ àná ni wọ́n ń bì lónìí. Nígbà tí a gbé wọn dé ilé ìwòsàn, wọ́n ki ẹ̀rọ tó ní iná lórí bọ ọ̀fun wọn, wọ́n gé díẹ̀ níbẹ̀ lọ yẹ̀ wò. Jẹjẹrẹ ni. Ìsàlẹ̀ àpòlúkù ló wà, níbi tí oúnjẹ ti ń bọ́ sínú ìfun. Síkáànù ní kò tíì dé ẹ̀dọ̀.

Ìyẹn la dúpẹ́ fún. Ibi tó ti wá rú wa lójú ni pé dókítà ní wọ́n lè yọ ọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe lọ́sẹ̀ yìí. Wọ́n ní oúnjẹ kò sí lára Bàbá, kí wọ́n fi ọjọ́ 14 bọ́ wọn ná. Ẹ̀yin èèyàn mi, Bàbá mi kì í ṣe ẹni rírù! Kílò 92 ni wọ́n wọ̀n ní oṣù Ọ̀wàrà, 76 ni báyìí. Gíga wọn jẹ́ mítà 1.70. Ikùn wọn ṣì ń ṣáájú wọn wọlé. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ń pariwo pé owó bẹ́ẹ̀dì ni ilé ìwòsàn fẹ́ gbà, pé jẹjẹrẹ á ti gbilẹ̀ kí ọjọ́ 14 tó pé. Àǹtí mi ní tiwọn ní sísanra yẹn gan-an ló fa àìsàn, pé oore ni rírù tí wọ́n rù yìí, iṣẹ́ abẹ á rọrùn.

Ta ni ká gbọ́ tiẹ̀?

IyaOnimoinmoin | 4 Ẹrẹ́nà, aago 9:40 alẹ́

Ọlọ́run á fún wọn ní àlàáfíà. Mi ò mọ nǹkan kan níbẹ̀, mò ń dúró de àwọn tó mọ̀.

NosiWoodu | 4 Ẹrẹ́nà, aago 11:05 alẹ́

Àbúrò, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ọdún 19 ni mo ti fi ń tọ́jú àwọn oníṣẹ́ abẹ ní wọ́ọ̀dù, mo sì ti gbọ́ ariwo tí ẹ̀gbọ́n rẹ ń pa yẹn lẹ́nu èèyàn tí kò lóǹkà.

Jẹ́ ká jọ ṣírò rẹ̀. Yọ 76 kúrò nínú 92, ó ku 16. Kílò 16 nínú 92 lé ní ìdá 17 nínú ọgọ́rùn-ún, oṣù 5 péré ló sì fi lọ. ESPEN, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn tó ń rí sí oúnjẹ aláìsàn ní Yúróòpù, ní ẹni tó bá ti pàdánù ju ìdá 10 sí 15 nínú ọgọ́rùn-ún lọ láàárín oṣù 6, kí wọ́n kọ́kọ́ fi ọjọ́ 7 sí 14 bọ́ ọ kí wọ́n tó ṣe iṣẹ́ abẹ ńlá fún un, kódà bó jẹ́ jẹjẹrẹ ni wọ́n fẹ́ yọ. Bàbá ti kọjá ojú ìlà yẹn tipẹ́.

Ikùn yẹn ló ń tàn yín jẹ. Tí ẹ bá fi gíga wọn ṣe ìṣirò BMI, ìyẹn èyí tó ń fi kílò èèyàn wé gíga rẹ̀, 26 ló ń jáde, tí ìwé á sì ní "ó sanra díẹ̀." Ìṣirò yẹn ò mọ ọ̀rá yàtọ̀ sí iṣan. Ẹni tó ní ọ̀rá níta lè jẹ́ ẹni tí iṣan rẹ̀ ti yọ́ tán lábẹ́. Ní àárọ̀ ọ̀la, ẹ wo ẹ̀bátí wọn bóyá ó ti jìn wọnú. Ẹ wo itan. Kí ẹ wá ní kí wọ́n ká ọwọ́ mọ́ àyà, kí wọ́n dìde lórí àga láìdi nǹkan mú.

Ní ti pé jẹjẹrẹ á gbilẹ̀: ó ti wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù kí ẹ tó mọ̀, ọjọ́ 14 kì í sábà yí i padà. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá gé àpòlúkù, wọ́n á fa ìfun wá rán mọ́ ibi tó kù. Purotéènì ni ara fi ń jinná lójú rírán yẹn. Tí kò bá sí, ojú rírán á jò, ìdọ̀tí á dà sínú ikùn. Ìyẹn kì í dúró de ọjọ́ 14 kó tó pa èèyàn.

AremoBodija | 5 Ẹrẹ́nà, aago 7:31 àárọ̀

Ẹ̀gbọ́n, mo ti ṣe é. Wọn ò lè dìde. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n gbìyànjú kí wọ́n tó fi ọwọ́ méjèèjì ti àga. Òrùka ìgbéyàwó wọn tí a fi ọṣẹ bọ́ ní ọdún 2021 ń já bọ́ fúnra rẹ̀ báyìí. Mo rò pé ọjọ́ orí ni.

OgbologboAgbo | 5 Ẹrẹ́nà, aago 8:02 àárọ̀

Àwọn dókítà yín fẹ́ fi oúnjẹ pa bàbá yẹn. Ṣúgà ni jẹjẹrẹ ń jẹ! Ẹ fi ebi pa á, á kú fúnra rẹ̀. Ààwẹ̀ ọjọ́ 21, omi ọsàn wẹ́wẹ́ àti àgbo mi. Ẹ pè mí sórí [Alábòójútó ti yọ nọ́ńbà kúrò.]

OloounjeLeeds | 5 Ẹrẹ́nà, aago 1:20 ọ̀sán

Ẹ̀gbọ́n Ogbologbo, ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ yìí ti gbé àwọn èèyàn lọ lójú mi. Iṣẹ́ mi nìyí, oúnjẹ aláìsàn ni mo ń rí sí ní ilé ìwòsàn níbí. Tí ebi bá pa èèyàn, ara rẹ̀ kì í káwọ́ gbera. Iṣan ni yóò máa yọ́, tí ẹ̀dọ̀ á sì fi í ṣe ṣúgà. Jẹjẹrẹ á rí tiẹ̀ jẹ nínú ìyẹn. Ẹni tó ni ara ló máa pàdánù itan tí ó fi ń rìn.

Aremo, kí n tó sọ ohun tí Bàbá máa jẹ, ẹ ṣọ́ra fún ohun kan. Ẹni tí kò jẹunre fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ kò ṣe é sáré bọ́. Tí oúnjẹ bá já wọlé lójijì, àwọn èròjà bíi phosphate àti potassium inú ẹ̀jẹ̀ á wálẹ̀ wìì, ọkàn lè ṣíwọ́ iṣẹ́. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n á máa yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní kí Bàbá wọ wọ́ọ̀dù dípò kí ẹ bọ́ wọn nílé.

Ìwọ̀n tí a máa ń wá fún ẹni tó fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ abẹ yìí jẹ́ gíráàmù purotéènì 1.2 sí 1.5 fún kílò kọ̀ọ̀kan lójúmọ́. Fún kílò 76, ó ń lọ sí 91 títí dé 114. Ẹyin kan ní bíi 6, nítorí náà tó bá jẹ́ ẹyin nìkan, ẹ ó kà tó 15 lójúmọ́! Ẹja sísè gíráàmù 100 ní nǹkan bí 20. Mílíìkì oníyẹ̀fun gíráàmù 100 ní bíi 25. Ẹ wá wo ẹ̀kọ mímu tí gbogbo ilé Yorùbá ń gbé sẹ́nu aláìsàn. Mo fẹ́ràn ẹ̀kọ, ìyá mi ló ń sẹ́ ògì tà. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá ti sẹ́ ẹ tán, apá tó pọ̀ nínú purotéènì àgbàdo ti bá èèrí lọ, ewúrẹ́ ló ń jẹ ẹ́. Ohun tó kù nínú ife ni omi àti agbára ráńpẹ́. Tó bá jẹ́ ẹ̀kọ ni Bàbá lè mu, ẹ po mílíìkì oníyẹ̀fun tó nípọn mọ́ ọn, tàbí ìyẹ̀fun sóyà. Gbẹ̀gìrì tí a sẹ́ dáadáa náà dára, bẹ́ẹ̀ ni ẹja tí a lọ̀ kúnná sínú omi ọbẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ bi wọ́ọ̀dù léèrè, nítorí ọ̀nà tó há nìsàlẹ̀ yẹn. Ohun tó bá le lè dí i pa.

AremoBodija | 5 Ẹrẹ́nà, aago 6:48 ìrọ̀lẹ́

Ẹ ṣé gan-an. Ẹ̀rọ náà ni wọ́n tún lò lónìí, wọ́n fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan gba imú Bàbá kọjá ibi tó há yẹn wọnú ìfun. Ibẹ̀ ni oúnjẹ funfun kan ń kán wọlé sí. Bàbá ní àwọn ò mọ̀ pé ọjọ́ ń bọ̀ tí àwọn á jẹun tí ẹnu ò ní mọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ò tíì gbà, ṣùgbọ́n ó ti dákẹ́. Ìbéèrè Àǹtí ló kù.

DokitaAbe | 6 Ẹrẹ́nà, aago 10:15 alẹ́

Mo dé láti tíátà báyìí, ẹ jẹ́ kí n dá sí ti Àǹtí.

Apá kan òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn. Ní 2016, IARC, ẹ̀ka àjọ ìlera àgbáyé tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ, to oríṣi jẹjẹrẹ 13 jọ tí sísanra àsanjù ń dá kún. Ti òkè àpòlúkù, níbi tí ọ̀nà ọ̀fun ti wọlé, wà nínú wọn. Ikùn tó tóbi ń ti omi kíkan inú sókè, ojú ibẹ̀ á máa bó lọ́dọọdún. Ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ ni ti Bàbá wà. Ẹjọ́ ibẹ̀ yàtọ̀. Kòkòrò kan tó ń jẹ́ H. pylori ni ọ̀gá afurasí níbẹ̀, lẹ́yìn náà iyọ̀ àjẹjù, oúnjẹ tí a fi èéfín pamọ́ àti sìgá. Ní 1984 dókítà kan, Barry Marshall, ní Ọsirélíà gbé kòkòrò náà mu fúnra rẹ̀ kí wọ́n lè gbà á gbọ́ pé ó ń ba inú jẹ́. Ní 1994 IARC kà á mọ́ ohun tó ń fa jẹjẹrẹ, ní 2005 Marshall àti Robin Warren tí wọ́n jọ ṣèwádìí rẹ̀ gba ẹ̀bùn Nobel. Kòkòrò yìí pọ̀ nínú wa, bẹ́ẹ̀ jẹjẹrẹ inú ò pọ̀ tó bí a ṣe retí. Olùwádìí kan tó ń jẹ́ Holcombe pè é ní àdììtú Áfíríkà nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn Gut ní 1992, wọ́n sì ń jiyàn lé e lórí títí di òní. Àwọn kan ní àdììtú kankan ò sí níbẹ̀, pé ẹ̀rọ tí a fi ń wo inú ni kò tó. Èmi wà lẹ́yìn wọn díẹ̀. Mélòó ni a ti sin pẹ̀lú "ọgbẹ́ inú" lẹ́nu láìsí ẹni tó wo inú náà rí?

Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí Bàbá rò pé iyán ni àwọn jẹ tí àwọn fi dé ibẹ̀.

Ní ti pé rírù á mú iṣẹ́ abẹ rọrùn: òótọ́ ni pé ọ̀rá ń yọ wá lẹ́nu. Kì í ṣe èyí tí ọwọ́ ń fún ní ẹ̀gbẹ́ o, èyí tó bo ìfun àti iṣan ẹ̀jẹ̀ nínú lọ́hùn-ún ni. Tí a bá ń yọ àpòlúkù, a tún gbọ́dọ̀ ṣa àwọn kókó kéékèèké tó yí i ká, torí ibẹ̀ ni jẹjẹrẹ ń kọ́kọ́ sá sí. Ó kéré tán, ó yẹ kí àwọn tó ń yẹ̀ ẹ́ wò rí 16. Lára ẹni tó sanra gan-an, bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́ nínú igbá òrí ni. Wákàtí á pọ̀ sí i, ẹ̀jẹ̀ á dà sí i, pancreas tó wà lábẹ́ ibẹ̀ lè fara gbọgbẹ́ kí omi rẹ̀ máa jò, ojú ọgbẹ́ níta náà ń tètè kẹ̀.

Ibi tó wá ya èèyàn lẹ́nu ni pé nínú ọ̀pọ̀ ìwádìí láti Jàpáánù àti Kòríà, níbi tí jẹjẹrẹ inú ti wọ́pọ̀, àwọn tó sanra díẹ̀ kí wọ́n tó wọ tíátà kì í sábà kú ṣáájú àwọn yòókù ní ọdún tó tẹ̀lé e. Nígbà mìíràn àwọn ni wọ́n ń pẹ́ jù. Àwọn kan ní ara wọn ní ìfipamọ́ tí wọ́n á máa fi gbéra. Àwọn kan ní kò rí bẹ́ẹ̀, pé ẹni tó ti rù kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa, àìsàn tiẹ̀ ló ti jinlẹ̀. Mo rò pé méjèèjì ni. Ẹni tó wà nínú ewu jù ni ẹni tó rí bíi Bàbá: ọ̀rá ṣì wà tó ń dí wa lójú, iṣan tí yóò fi yè é sì ti lọ. Rírù tí èèyàn fi ẹsẹ̀ rìn tí ó fi oúnjẹ dín kù, ìyẹn yàtọ̀. Àìsàn kì í mú ọ̀rá nìkan.

Ẹni àkọ́kọ́ tó gé apá kan àpòlúkù tí aláìsàn rẹ̀ sì dìde ni Theodor Billroth, ní Vienna, 29 Ṣẹ́rẹ́ 1881. Obìnrin ẹni ọdún 43 ni, èébì bíi ti Bàbá ló ń ṣe é. Ó lo nǹkan bí oṣù mẹ́rin kí jẹjẹrẹ tó padà wá mú un lọ. Mo máa ń rántí rẹ̀ tí mo bá ń fọwọ́.

IyaOnimoinmoin | 6 Ẹrẹ́nà, aago 10:50 alẹ́

Ó gbé e mu?! Kòkòrò?! Òyìnbó ò ní pa mí.

MamaIbeji_Akure | 7 Ẹrẹ́nà, aago 5:55 àárọ̀

Ọmọ mi, mo ti ka gbogbo rẹ̀ lórí àdúrà òwúrọ̀. Èmi ò ní àpòlúkù mọ́. Ọdún keje rèé tí wọ́n ti yọ ọ́ pátá, tí wọ́n so ìfun mọ́ ọ̀nà ọ̀fun tààrà. Mo wà láyé, mo ń ta aṣọ òkè mi.

Kí n sọ ohun tí ẹnìkan ò sọ fún mi. Oúnjẹ ẹni tó bá ní àpòlúkù máa ń dúró níbẹ̀, á máa yọ̀ sínú ìfun díẹ̀díẹ̀. Tèmi ń já lulẹ̀ gbì. Ọjọ́ kẹsàn-án tí mo délé, àbúrò ọkọ mi gbé mọ́ọ̀tì tútù méjì wá kí mi, bí a ṣe ń ṣe. Mo mu ìgò kan. Kò tó ìṣẹ́jú 20, àyà mi ń lù kìkì, òógùn bò mí, inú ń yí, mo sáré lọ ṣe ìgbọ̀nsẹ̀. Mo rò pé ọlọ́jọ́ ti dé. Nígbà mìíràn sì rèé, wákàtí méjì lẹ́yìn ẹ̀kọ onísúgà ni ara mi á máa gbọ̀n, ojú á máa ṣú. Dumping ni wọ́n ń pe gbogbo rẹ̀. Ṣúgà olómi ni ọ̀tá mi. Láti ìgbà yẹn, àwo kékeré ẹ̀ẹ̀mẹfà sí méje lójúmọ́. Ẹja tàbí ẹyin ló ń kọ́kọ́ wọlé. Mi ò mu omi lórí oúnjẹ, ó di ìdajì wákàtí lẹ́yìn rẹ̀. Tí ó bá ń bọ̀, mo sùn sílẹ̀.

Abẹ́rẹ́ fítámì B12 tún wà, oṣooṣù ni mo ń gbà á, títí ọjọ́ alẹ́. Àpòlúkù ló ń ṣe nǹkan tó ń jẹ́ kí ara gba fítámì yẹn. Ẹ̀dọ̀ ní ìfipamọ́ ọdún bíi mélòó kan, ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń rò pé àwọn ò nílò rẹ̀, tí ẹsẹ̀ á wá máa kú ní ọdún kẹta.

Kílò 81 ni mo jẹ́ kí àìsàn tó dé. Mo já sí 58. 61 ni mo wà báyìí, kò sì tún lọ sókè mọ́. Ní ọjà, wọ́n sọ pé àrùn kògbóògùn ló mú mi. Obìnrin kan dẹ́kun àtijókòó lórí bẹ́ńṣì mi. Ẹ múra sílẹ̀ fún ìyẹn náà.

DokitaAbe | 7 Ẹrẹ́nà, aago 8:10 àárọ̀

Màmá, ẹ kú orí ire. Aremo, nítorí ìsàlẹ̀ ni ti Bàbá wà, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ṣẹ́ díẹ̀ kù sókè, tiwọn ò ní le tó ti Màmá. Ṣùgbọ́n kí wọ́n máa yẹ B12 àti ẹ̀jẹ̀ wò lọ́dọọdún.

AremoBodija | 19 Ẹrẹ́nà, aago 8:22 alẹ́

Ọjọ́ 14 pé lónìí. Wọ́n wọ̀n wọ́n: kílò 77. Ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun, "kílò kan péré, gbogbo owó yẹn?"

NosiWoodu | 19 Ẹrẹ́nà, aago 8:41 alẹ́

Àga ńkọ́?

AremoBodija | 19 Ẹrẹ́nà, aago 8:44 alẹ́

Ọwọ́ kan. Wọ́n fi ọwọ́ kan dìde. Wọ́n sì ń rìn dé ẹnu ọ̀nà wọ́ọ̀dù lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́.

NosiWoodu | 19 Ẹrẹ́nà, aago 8:45 alẹ́

Sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ pé ìyẹn la ń rà, a ò ra kílò.

AremoBodija | 24 Ẹrẹ́nà, aago 4:30 ìrọ̀lẹ́

Wọ́n ti ṣe é, ẹ bá wa dúpẹ́. Wákàtí 5 ó dín díẹ̀. Wọ́n ṣẹ́ díẹ̀ kù lókè bí Dókítà ṣe sọ. Oníṣẹ́ abẹ ní ọ̀rá inú yọ àwọn lẹ́nu. Ọjọ́ kẹrin rèé, ojú rírán kò jò, Bàbá ti ń mu omi ẹja ṣíbí-ṣíbí. Ìjòyè kan nínú ẹbí gbé páálí mọ́ọ̀tì kan wá. Èmi ni mo gbé e lọ fún àwọn nọ́ọ̀sì kí Bàbá tó rí i. Màmá Ìbejì, ẹ ṣé.

IyaOnimoinmoin | 24 Ẹrẹ́nà, aago 4:52 ìrọ̀lẹ́

Hálélúyà!!! Kí ẹ mú àdírẹ́sì wá, màá gbé mọ́ínmọ́ín ẹlẹ́ja wá, láìní ata.

AremoBodija | 28 Igbe, aago 7:05 alẹ́

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Èsì kókó dé: 21 ni wọ́n rí, jẹjẹrẹ wà nínú 3. Kìmó, ìyẹn oògùn tó ń pa jẹjẹrẹ, ń bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Kílò 71 ni Bàbá báyìí. Gbogbo ilé tún ti ń sunkún.

OloounjeLeeds | 28 Igbe, aago 7:40 alẹ́

A ń retí rẹ̀. Oṣù àkọ́kọ́ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ìwọ̀n á máa wálẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni bóyá ó ṣì ń já lọ́sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀ tàbí ó ti fẹ́ dúró. Ẹ kọ ohun tí wọ́n jẹ fún ọjọ́ mẹ́ta sílẹ̀, kí ẹ fi hàn wọ́n ní ilé ìwòsàn kí kìmó tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá rù wọnú kìmó, wọ́n sábà máa ń ní láti dá a dúró lójú ọ̀nà.

AremoBodija | 28 Igbe, aago 8:15 alẹ́

Láàárọ̀ yìí: ẹyin kan àbọ̀, ẹ̀kọ àti mílíìkì ife kékeré, láìsí súgà. Aago 10: mọ́ínmọ́ín Ìyá Onímọ́ínmọ́ín ìdajì. Ó kù díẹ̀ kí n kọ ìyókù. Bàbá ní kí n bi Màmá Ìbejì ní ìbéèrè kan ṣoṣo: oṣù kelòó ni wọ́n tó jẹ iyán?

MamaIbeji_Akure | 28 Igbe, aago 9:30 alẹ́

Oṣù kẹfà. Òkèlè mẹ́ta, kékeré bí ẹyin ẹyẹlé, ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ tó kún fún ẹja, mo rún un lẹ́nu bí ẹni ń jẹ ẹran. Mo fi ojúkòkòrò mú ìkẹrin, mo sùn sílẹ̀ fún wákàtí kan.

AremoBodija | 28 Igbe, aago 9:33 alẹ́

Bàbá ní mẹ́ta ti tó.